Ẹni Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Olùrànlọ́wọ́ Agbẹjọ́rò, Kọ́kọ́ Kọ́ Bí A Ti Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò, ìyẹn iṣẹ́ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní paralegal, ohun kan ń gbé mi lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé mímọ orúkọ òfin àti abala rẹ̀ lórí ni olórí ẹ̀kọ́ náà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Olórí rẹ̀ ni kí a lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ìṣòro dé bá, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìbù mọ́ ọn, láìyọ kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí nínú ìdánrawò, ẹni náà ní òun gbọ́ pé onílé ti ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé síta, èmi sì kọ ọ́ pé ó rí i. Olùkọ́ wa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ó ní ibẹ̀ ni ẹ̀rí ti bàjẹ́, nítorí pé ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí àti ohun tí wọ́n sọ fún un kì í wúwo bákan náà níwájú adájọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Bí olùjẹ́jọ́ kò bá fèsì sí ìwé ìpẹ̀jọ́ títí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un fi kọjá, adájọ́ lè dá ẹjọ́ náà láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ààlà iṣẹ́ náà ló ṣòro jù fún mi. Ní ọ̀pọ̀ ibi, a lè ṣe ìwádìí òfin, a sì lè kọ ìwé kí agbẹjọ́rò yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba oníbàárà nímọ̀ràn òfin tàbí láti rojọ́ fún un. Kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Ontario, ní Kánádà, láti ọdún 2007 ni ètò ti wà láti fún àwọn olùrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò ní ìwé àṣẹ tiwọn, wọ́n sì lè rojọ́ fún oníbàárà ní kóòtù ẹjọ́ kéékèèké. Ní Sierra Leone, òfin ọdún 2012 lórí ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí kò lágbára láti gba agbẹjọ́rò pàṣẹ pé, ó kéré tán, kí ẹnì kan nínú wọn wà ní agbègbè olóyè àgbà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé Freetown, olú-ìlú wọn, ni ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò fi ṣe ibùjókòó. Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí nígbà tí wọ́n bá pè é ní iṣẹ́ àwọn tí kò lè di lọ́yà.

Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n dín ìdánwò àkọ́sórí kù, kí wọ́n sì jẹ́ kí a jókòó ti àwọn ènìyàn fún oṣù díẹ̀ lábẹ́ agbẹjọ́rò tí yóò máa yẹ iṣẹ́ wa wò. Ní tèmi, bí mo bá ti kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tán báyìí, mo máa ń kà á sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n tó gbé kálámù fún un láti fọwọ́ sí i.