Àbá: ká sọ áàpù àjẹṣẹ́kù wa di fáìlì kan ṣoṣo

Akọ̀wé Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ rántí pé ọ̀fẹ́ la kọ áàpù ìwé owó àjẹṣẹ́kù yìí, kí ẹgbẹ́ tó bá wù lè mú un, kó sì tún un ṣe bó ṣe fẹ́. Ẹ wá sọ fún mi, ẹgbẹ́ wo ló ti gbé e sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tí áàpù ń gbé) fúnra rẹ̀ láì pe ọ̀kan nínú wa lóru? Kọ̀ǹténà Docker mẹ́rin ni, ìyẹn àpótí tí a di áàpù sí: ojú áàpù, API (ẹ̀yìn áàpù tó ń ṣiṣẹ́), PostgreSQL (ibi tí dátà wà), nginx (aṣọ́nà tó ń gba àwọn tó ń wọlé láti íntánẹ́ẹ̀tì). Ìlà 23 ló wà nínú .env, fáìlì ètò rẹ̀, tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ kún. Àbá mi ni pé ká da ojú áàpù àti API pọ̀ sínú fáìlì kan tí a fi èdè Go kọ, kí SQLite, tó ń kó dátà sínú fáìlì lásán, gba ipò PostgreSQL. Ẹ gbé fáìlì sórí sáfà, ẹ tan án, ó tán.

Ìyá Mararaba
Mo gbè é lẹ́sẹ̀! Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ fi í sórí laptop àtijọ́ kan fún ẹgbẹ́ àwọn aláta. Hotspot fóònù ni mo fi ń fa ímeèjì Docker náà, ìyẹn ẹrù tí kọ̀ǹténà ti ń jáde. Ó ku díẹ̀ kó wọlé tán, iná lọ. Bátìrì laptop yẹn sì ti kú tipẹ́. Iná dé, apá tó tóbi jù nínú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni! Dátà tí mo rà fún ọ̀sẹ̀ kan bá a lọ. Ìyá aláta kan tó jókòó tì mí ní, "Ṣé ìwé àkọsílẹ̀ wa àtijọ́ ń jẹ dátà ni?" Kí ni kí n fi dá a lóhùn?

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Àmọ́ Docker kọ́ ló jẹ dátà yín, àwa tí a di ẹrù wúwo lé e lórí ni. Odindi Debian, Linux ńlá kan, pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ tí a fi kọ́ áàpù ló wà nínú ímeèjì yẹn. Ká kọ́ ọ ní ìpele méjì, ká gbé èyí tó ti jinná nìkan sórí Alpine, Linux kékeré kan tí òun fúnra rẹ̀ kò tó MB 10. Kí Docker tó dé ní 2013, ẹ̀yin ọmọdé ò mọ ohun tójú wa rí: Ubuntu ni ti ẹnì kan, CentOS ni ti ẹlòmíràn, ẹjọ́ gbogbo wọn sì ni "lórí tèmi ó ń ṣiṣẹ́".

Ọmọ Zaria
Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Fáìlì Go tí kò ní cgo (afárá sí kóòdù èdè C) nínú ò bi Ubuntu tàbí CentOS léèrè ohunkóhun. Ó gbé gbogbo ohun tó nílò dání bí ìgbín ṣe ń gbé ilé rẹ̀. Ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra ni pé ọ̀pọ̀ ló ń lo driver SQLite (kóòdù tó so áàpù mọ́ ọn) tó nílò cgo. Ti modernc ni ká mú, òun kò nílò rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Jabi
Kí ló dé tí a ò gbé e sórí Kubernetes, tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà lórí ọ̀pọ̀ sáfà?

Ìyá Mararaba
Ẹ bá mi mú ọmọ yìí jókòó.

Alàájì Kaduna
SQLite yẹn ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kó kọ̀wé sínú òun lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí mò ń bá tọ́jú tiwọn lé ní 400. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, gbogbo wọn á ya lù ú.

Akọ̀wé Kubwa
Alàájì, iye tó kù fún wọn ni wọ́n á ya wá wò. Akápò méjì péré ló ń kọ. Tí a bá tan WAL, tó ń kọ́kọ́ kọ àyípadà sínú fáìlì -wal lọ́tọ̀, òǹkàwé kì í dúró de òǹkọ̀wé.

Alàájì Kaduna
Mo gbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n WAL tí o dárúkọ yẹn gan-an ló máa dá wàhálà sílẹ̀. Mo mọ akápò: nírọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ á ki flash bọ ẹ̀gbẹ́ laptop, á kọ́pì fáìlì .db nìkan, nígbà tí áàpù ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Owó tí wọ́n san lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn lè ṣì wà nínú fáìlì -wal tó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí laptop bá kú, ó di "mo san án", "o ò san án". Ẹ fi bọ́tìnì kan síbẹ̀ tó máa ṣe VACUUM INTO, àṣẹ SQLite tó ń kọ odindi ẹ̀dà, sínú flash, kó má já ohunkóhun sílẹ̀. Láìsí bọ́tìnì yẹn, mi ò fọwọ́ sí i o.

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa
Ẹ gbọ́ ti Alàájì. Ta ló sì máa ṣe iṣẹ́ nginx? Ìwé ẹ̀rí HTTPS ọ̀fẹ́ ti Let's Encrypt, tó ń dáàbò bo ojú áàpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í pẹ́ parí.

Ọmọ Zaria
Go ní autocert, òun á máa tún un gbà fúnra rẹ̀. Àmọ́ sáfà tí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí nìyẹn wà fún. Laptop Màmá tó wà lẹ́yìn hotspot, orí Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n á ti máa wò ó.

Akọ̀wé Kubwa
Bọ́tìnì Alàájì ti wọ ẹ̀ka kóòdù tuntun tí mo ṣí. Docker ò lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá wa dín ímeèjì náà kù bí ẹ ṣe wí, ẹni tó bá fẹ́ PostgreSQL á gba ibẹ̀. Fáìlì tuntun jẹ́ MB 19. Màmá, ẹ dán an wò.

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa
Ọ̀nà méjì, iṣẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹ má pè mí lóru o.

Ìyá Mararaba
Ó wọlé kí iná tó lọ! Ṣùgbọ́n ó ń bi mí ní páswọ́ọ̀dù admin. Ta ló fún mi ní páswọ́ọ̀dù?