Kókó Inú Bọ́ọ̀lù Bólìǹgì Kọ́ Ló Ń Pinnu Bí Yóò Ṣe Yà Tó

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe eré bólìǹgì, ìyẹn eré tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù lórí pákó gígùn láti fi wó àwọn igi tí wọ́n tò, ní Amẹ́ríkà gbà pé bọ́ọ̀lù tí ìhà kókó inú rẹ̀ (ohun wíwúwo tí wọ́n fi sí àárín rẹ̀) kò bára dọ́gba gbọ́dọ̀ yà, ìyẹn kó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń lọ, ju èyí tí kókó tirẹ̀ dọ́gba lọ, wọ́n sì ń tìtorí èyí sanwó gọbọi. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà.

Èèpo bọ́ọ̀lù ló ń fara kan pákó tí wọ́n fi òróró pa, òun náà ló sì lágbára jù lórí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yà. Nígbà tí àjọ USBC, tó ń ṣe òfin eré náà ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí ìrìn bọ́ọ̀lù, ohun tí wọ́n rí ni pé bí ojú èèpo bá ṣe rí ṣákiṣàki tó ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi kókó tó wù yín sínú bọ́ọ̀lù oníke tó ń dán, yóò ṣì máa yọ̀ lọ tààrà lórí òróró.

Kì í ṣe pé kókó kò níṣẹ́. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí, kókó ń mú kí ìlà àfinúrò tó ń yí lé lórí máa sún díẹ̀díẹ̀, tí ojú èèpo gbígbẹ mìíràn yóò fi máa kan pákó ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń fa sísún yìí ni ìyàtọ̀ tó wà nínú bí ìwúwo bọ́ọ̀lù ṣe pín láti ìhà kan sí òmíràn; USBC fi ààlà 0.060 íǹṣì sí i, ààlà kan náà ló sì de oríṣi kókó méjèèjì. Kókó tí kò dọ́gba sábà máa ń mú kí bọ́ọ̀lù tètè yí ojú padà bó bá ti kúrò nínú òróró, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé yóò yà jù.

Àwọ̀ tàbí ìwọ̀n kò lè fi oríṣi kókó hàn. Kókó pẹlẹbẹ ló sábà máa ń wà nínú bọ́ọ̀lù oníke. Lára bọ́ọ̀lù tí kókó rẹ̀ dọ́gba, àmì kékeré aláwọ̀ kan wà tó ń fi orí kókó hàn. Èyí tí kò dọ́gba tún máa ń ní àmì mìíràn, tó sábà jìnnà sí ti àkọ́kọ́ tó íǹṣì 6¾, ìyẹn ìdá mẹ́rin àyíká bọ́ọ̀lù. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi síta sì máa ń ní nọ́ńbà kẹta fún oríṣi yìí, yàtọ̀ sí méjì tí èyí tó dọ́gba máa ń ní nípa bí ìwúwo rẹ̀ ṣe pín. Àmọ́ ẹni tó bá ra àlòkù gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ihò ìka tí wọ́n lu máa ń gé lára kókó, débi pé èyí tó dọ́gba nílé-iṣẹ́ kì í dọ́gba pátápátá mọ́.