Odídẹrẹ́ tó ń tu ìyẹ́ ara rẹ̀, iṣẹ́ ló ń wá

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ̀yin tí ẹ ń sin odídẹrẹ́. Bí àyà ẹyẹ yín bá ti pá bíi ti adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi gbígbóná, ẹ wo orí rẹ̀. Bí ìyẹ́ orí bá pé, òun fúnra rẹ̀ ló ń tu ara rẹ̀, torí ẹnu rẹ̀ ò lè dé orí. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Rárá o! Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá dókítà ẹranko, kó yẹ awọ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Bí kò bá sí àrùn, ẹ wá bi ara yín: kí lẹyẹ yìí ń rí ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀?

Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Davis gbé ìwádìí jáde lórí ayékòótọ́ Amazon, ìbátan odídẹrẹ́. Wọ́n fún àwọn kan ní ohun tí wọ́n máa gùn, àtèyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ já tàbí tú kí ọwọ́ wọn tó ba oúnjẹ. Àwọn tó kù wà nínú àgò lásán. Ìyẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jẹun dán. Ti àwọn yòókù bàjẹ́. Ìgbà tí wọ́n fún àwọn yẹn náà níṣẹ́, ìyẹ́ wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dára.

Nítorí náà, ẹ yéé da ẹ̀pà kún abọ́. Ẹ fi háhá àgbàdo wé e, kí ẹ so ó mọ́ irin àgò. Ẹ ki ewé ugwu há àárín irin. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o: ẹyẹ tí kò wá oúnjẹ rí lè máa wo háhá náà títí ebi á fi pa á. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí i sílẹ̀ kó lè rí ẹ̀pà inú rẹ̀, kí ìdajì oúnjẹ sì wà lábọ́. Ẹ máa fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n láràárọ̀ kó tó jẹun. Bí ẹyẹ gíráàmù 450 bá ti fi 45 jò, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹ̀pà nìkan náà kì í ṣe oúnjẹ: ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, kásíọ̀mù (calcium) rẹ̀ kéré. Odídẹrẹ́ tí kásíọ̀mù rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ á máa gbọ̀n, á já bọ́ lórí igi bí ẹni tí wárápá gbé. Ẹyìn, karọ́ọ̀tì àti ìbẹ́pẹ dára fún un. Ẹ gbé e síta sóòrùn àárọ̀, kí igun kan nínú àgò ní ìbòòji; ìtànṣán tó nílò kí ara rẹ̀ lè lo kásíọ̀mù kì í gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá. Píà, májèlé ni fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un nígbó. Ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ní Johannesburg lọ́dún 2016 ti fòfin de kíkó odídẹrẹ́ igbó tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Bó tilẹ̀ ṣe yín láàánú nínú àgò tóóró tí wọ́n há a mọ́, owó yín ni wọ́n máa fi se àtè tí wọ́n á fi mú òmíràn.