Bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ wá gbowó, ẹ ṣì jẹ èbúté ní gbèsè

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun gbafẹ́ ní etíkun Ìlú Ọba, ó sì ti ń ran àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ní òkun kì í ṣe ti baba ẹnì kankan. Wọ́n á ní bí ọ̀gá èbúté ò bá wá gbowó títí ilẹ̀ fi mọ́, kí èèyàn tú okùn rẹ̀ kó máa lọ, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ ọ́ di ọgbọ́n. Aago 5 ìdájí ni wọ́n á jí, wọ́n á rọra fa ọkọ̀ jáde kí ẹni tó ń gbowó tó dé ibi iṣẹ́. Bí wọ́n bá dé èbúté tó kàn, wọ́n á máa fi yangàn.

Irọ́ gbáà ni ìgbàgbọ́ yìí. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ẹ̀ ni pé àwọn àgbà tó yẹ kó kọ́ ọmọ tuntun ní ìwà ojú omi gan-an ló ń fi kọ́ wọn.

Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí ẹ̀ o, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó má baà dà bíi pé mò ń fi dù wọ́n. Nínú òkun àti ẹnu odò tí omi òkun ń kún wọ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Skọ́tlándì, gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọkọ̀ kọjá. Ẹ̀tọ́ náà sì kan pé kí èèyàn ju ìdákọ̀ró tara rẹ̀ sómi fúngbà díẹ̀: kó fi dúró de omi, kó fi sá fún afẹ́fẹ́, kó fi sùn. Bí ẹ bá rí ìyawọ̀ omi tó parọ́rọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Skọ́tlándì, tí kò sí lábẹ́ èbúté kankan, tí ẹ ju ìdákọ̀ró yín síbẹ̀, tí ẹ sùn, tí ẹ jí, tí ẹ lọ, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ó tilẹ̀ wù mí kí àwọn ọmọ wa máa ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ ọkọ̀ rẹ̀. Àmọ́ kí ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ lábẹ́ omi kí ẹ tó jù ú. Ní Studland Bay, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, koríko òkun tí àwọn ẹja kéékèèké ń gbé inú ẹ̀ ni ìdákọ̀ró máa ń fà tu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ yẹra fún apá kan níbẹ̀.

Ibi tí ẹ̀tọ́ ọ̀fẹ́ yẹn dúró sí nìyẹn: ìdákọ̀ró yín, ṣéènì yín, fúngbà díẹ̀. Ní 1968, ẹjọ́ kan dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí omi kan nítòsí Emsworth, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọlọ́kọ̀ kan ri ohun ìsọkọ̀ mọ́lẹ̀ síbi tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ní ẹ̀tọ́ àtikọjá lójú omi ló fún òun láyè. Ilé-ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ yẹn kò dé ibẹ̀. Èèyàn lè gba ojú omi kọjá, kò wá sọ ilẹ̀ abẹ́ omi di tirẹ̀. Ilẹ̀ náà sì ní ẹni tó ni ín. The Crown Estate, àjọ tó ń bójú tó dúkìá Adé Ìlú Ọba, ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ abẹ́ òkun tó yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wales àti Northern Ireland ká, títí dé máìlì òkun 12 sí etíkun. Ní Skọ́tlándì, Crown Estate Scotland ló ń bójú tó o. Ẹni tó bá fẹ́ ri ohun ìsọkọ̀ sílẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, á sì máa san owó ilẹ̀. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù ńlá tí ẹ rí tó ń léfòó láàárín èbúté, èyí tí àwọn atukọ̀ ń pè ní bọ́ì, kò hù síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀, ó ń sanwó lé e lórí.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ohun tó di ọkọ̀ yín mú lóru, torí mo gbà pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní sá. Bọ́ì tó wà lókè kì í di nǹkan kan mú; àmì lásán ni. Nísàlẹ̀, ẹ ó bá òkúta kọnkéré tó wọn tọ́ọ̀nù kan, tàbí méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣéènì tó wúwo nà sílẹ̀ láti ara rẹ̀, òmíràn tó fúyẹ́ díẹ̀ sì gòkè láti ibẹ̀ wá bá bọ́ì. Irin kan tó ń yí po wà láàárín wọn, kí ṣéènì má baà lọ́ pọ̀ bí ọkọ̀ bá ń yí pẹ̀lú omi tó ń kún tó sì ń fà. Gbogbo oríkèé ni wọ́n fi irin ìdè so, wọ́n sì fi wáyà di ojú irin ìdè kọ̀ọ̀kan kó má baà tú fúnra rẹ̀ lóru.

Ibi tí ṣéènì ti ń kan ilẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń fà. Bí ó bá kún, ṣéènì á gbéra nílẹ̀. Bí ó bá fà, á tún bọ́ sílẹ̀. Bí ìgbì bá wà, ìgbà tó ń gbéra tó ń bọ́ lóru kan ṣoṣo kò níye. Iyanrìn á máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń rin gbágùúdá, irin tó nípọn á di tín-ín-rín níbi kan ṣoṣo yẹn, nígbà tí èyí tó kù lókè ṣì le koko. Lókè lọ́hùn-ún, ẹ ò lè fojú rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán òmùwẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ agbẹ́rù gbé gbogbo ẹ̀ jáde. Òmùwẹ̀ á fi irin ìwọ̀n wọn ojú ṣéènì lọ́kọ̀ọ̀kan, á yọ àwọn ohun abẹ̀mí tó ti lẹ̀ mọ́ ọn, á ṣàyẹ̀wò wáyà, á sì pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń tún ṣe lóòrèkóòrè ni, nínú omi tútù tí èèyàn kì í sábà ríran jìnnà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun kò lo omi ẹ̀rọ, òun kò lo iná, òun kò wẹ̀ nílé ìwẹ̀ wọn, kí lòun tún fẹ́ sanwó lé lórí, iṣẹ́ òmùwẹ̀ yẹn ló sùn lé lórí mọ́jú. Bí afẹ́fẹ́ bá le lóru tí ọkọ̀ yín kò sún, ohun tí ẹ fi owó rà nìyẹn.

Bí kò bá sówó, kò ní sí àyẹ̀wò. Bọ́ì tí wọn ò bá yẹ̀ wò, ẹni tó ni ín kò ní lè dúró fún un bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá já lórí ẹ̀, á kàn gbé e jáde ni.

Òfin náà kò sinmi lé bóyá ẹnì kan wá kan ọkọ̀ yín. Harbours Act ti 1964 fún àwọn aláṣẹ èbúté lágbára láti bu owó lé ọkọ̀ tó bá lo èbúté wọn. Gbèsè ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ẹ ti lo nǹkan wọn. Òfin kan tó ti wà láti 1847, tí ọ̀pọ̀ èbúté mú wọnú òfin tiwọn, tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọ̀gá ọkọ̀ bá kọ̀ láti sanwó, ẹni tó ń gbowó lè gun ọkọ̀ náà, kó gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ náà tàbí ohun èlò rẹ̀, bí ọjọ́ 7 bá sì kọjá láìsanwó, wọ́n lè tà á. Mi ò sọ pé wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín nítorí owó òru kan. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn tó ṣòfin kò fìgbà kankan rò pé òkun jẹ́ ọ̀fẹ́ bí àwọn ará wa ṣe ń sọ ọ́.

Àwọn èbúté kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá tilẹ̀ ju ìdákọ̀ró tara yín, ẹ ó sanwó, torí ẹ wà láàárín ààlà wọn. Salcombe, ní Devon, jẹ́ ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ South Hams ló ń bójú tó o. Ẹ wo ìwé atọ́nà etíkun kí ẹ tó dé, á ti wà níbẹ̀.

Àwọn tó ń sá tún máa ń fi ẹnu kan sọ pé àpò olówó ni owó náà ń lọ. Bóyá ní àwọn máríínà ńlá, ìyẹn àwọn ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ọ̀pọ̀ èbúté kékeré kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dartmouth àti Yarmouth tó wà ní Isle of Wight jẹ́ èbúté tí kò ní oníṣòwò kankan tó ń pín èrè níbẹ̀: owó tó bá wọlé, inú èbúté náà ni wọ́n ń ná an sí. Ní Tobermory, lórí erékùṣù Mull, níbi tí wọ́n ti kun àwọn ilé etí omi ní oríṣiríṣi àwọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń bójú tó bọ́ì àti pèpéle tó ń léfòó fún àlejò. Ẹni tó sá níbẹ̀ ní ìdájí, ara ìlú ló jí owó rẹ̀: obìnrin tó tà á ní búrẹ́dì lánàá, bàbá tó ràn án lọ́wọ́ mú okùn.

Ọ̀pọ̀ ibi sì wà tó jẹ́ pé wọn ò pète rẹ̀ rárá pé kí ẹnì kan wá. Ẹ ó rí àpótí irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lórí èbúté, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wà lójú ẹ̀. Àpòòwé wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí òjò má baà pa á, pẹ́ńsù tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìṣó sì ń mì. Ẹ ó kọ orúkọ ọkọ̀, gígùn rẹ̀ àti òru mélòó, ẹ ó fi owó sínú ẹ̀, ẹ ó tì í wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ máa rán ènìyàn àti ọkọ̀ kékeré yí gbogbo bọ́ì ká ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ìdájí, owó iṣẹ́ àti epo nìkan á gbé iye owó òru kan sókè fún gbogbo wa. Àpótí yẹn ló jẹ́ kó wọ́n níwọ̀nba. Ẹni tó wá ń pe àìsí olùgbowó ní ọ̀nà ọ̀fẹ́ ti gba ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n fún un, ó sì ti fi ṣe ohun ìjà sí wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń lọ ní kùtùkùtù fún ìdí gidi. Ní ìwọ̀ oòrùn Skọ́tlándì, bí ẹ bá fẹ́ gba Dorus Mòr, ọ̀nà omi tóóró tí omi ti ń sáré gan-an, omi ló ń pàṣẹ. Bí ó bá ní aago 4 òru ni, aago 4 òru ni. Ẹ sanwó ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ni. Bí wọ́n ti ti ọ́fíìsì, ẹ ya fọ́tò pátákó tó ní nọ́ńbà àkáùǹtì wọn, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ ATM lórí àwọn erékùṣù kéékèèké yẹn. Ẹ mú owó ẹyọ àti béébà dání láti ìlú ńlá.

Gígùn ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò, gígùn gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí, tó fi mọ́ igi tó yọ síwájú àti ohun tí ẹ gbé kọ́ sẹ́yìn. Ọlọ́kọ̀ tó mọ gígùn ọkọ̀ rẹ̀ dé orí sẹ̀ǹtímítà nígbà tó ń tà á, tó wá gbàgbé mítà kan nígbà tó ń sanwó, ó ti parọ́ fún ẹni tó gbà á sílé. Bí ẹ bá so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń san tirẹ̀. Bọ́ì tí wọ́n kọ orúkọ ẹni sí kì í ṣe ti àlejò, bó tilẹ̀ ṣófo: ẹni tó ni ín lè dé ní aago 11 òru, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ pe ọ̀gá èbúté lórí rédíò kí ẹ tó mú un. Ọ̀pọ̀ wọn wà lórí ìkànnì 12, àwọn máríínà sì wà lórí 80. Bọ́ì ilé oúnjẹ tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá jẹun, ẹ lọ jẹun. Bí ìjì bá lé yín wọlé, ẹ kọ́kọ́ dá ẹ̀mí sí, ẹ so mọ́ ohunkóhun tó bá lè di yín mú, kí ẹ wá ọ̀gá èbúté lọ bí ara bá balẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé owó ló pọ̀ jù lójú yín, ẹ sọ fún wọn, tàbí kí ẹ lọ ju ìdákọ̀ró síbi tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́. Fún ẹni tó ti sùn, tó ti lọ, tí kò tíì san, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì ímeèlì èbúté wà nínú ìwé atọ́nà. Ẹ kọ orúkọ ọkọ̀, gígùn rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ sùn níbẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ béèrè nọ́ńbà àkáùǹtì, kí ẹ sì gba rìsíìtì.