Ta ló ní ilé-ẹ̀kọ́ ìlú kékeré máa ń pa ẹ̀bùn ọmọ?

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Texas tún ti dá a sílẹ̀ níbi ìkómọ: "Kí ni ìwọ àti ìyàwó ẹ ń fi ọmọ yẹn ṣe ní South Dakota, láàárín màlúù àti àgbàdo? Ẹ gbé e wá sí ìlú ńlá kí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù lè rí i." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, pàápàá bí àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé wá síbí ṣe ń gbé e mì.

Wọn ò lè rí i? Ta ló rí Chad Greenway? Oko ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Mount Vernon, South Dakota níbí, ìlú tí èèyàn ibẹ̀ ò tó 500. Ọmọ ò pọ̀ débi tí wọ́n á fi kó ẹni mọ́kànlá jọ, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbá. Ó gba Yunifásítì Iowa kọjá, Minnesota Vikings, ẹgbẹ́ NFL tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbowó, sì mú un ní ìpele àkọ́kọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dún 2006. Leighton Vander Esch ńkọ́? Riggins, Idaho, nǹkan bí 400 èèyàn; ẹlẹ́ni mẹ́jọ lòun gbá. Yunifásítì Boise State ò fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tó débẹ̀, òun ló yọjú sí wọn fúnra rẹ̀. Ní 2018, Dallas Cowboys mú un ní ìpele àkọ́kọ́. Dallas o! Texas yín náà kọ́ nìyẹn?

Ká tiẹ̀ pa ti gbajúmọ̀ tì, torí ọmọ tó ń débẹ̀ ò pọ̀ níbikíbi. Níbí, ọmọ ń gbá a ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 1964 lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Kansas ti fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré máa ń kópa nínú oríṣiríṣi nǹkan ju ti ilé-ẹ̀kọ́ ńlá lọ, iṣẹ́ tó nípọn ni wọ́n sì máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Èmi náà ń fojú ara mi rí i. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti dá eré dúró láàárín, ọmọ mi á bọ́ akoto sílẹ̀, á gbé fèrè, á tò sí ìlà báǹdì pẹ̀lú aṣọ bọ́ọ̀lù tó ti yí mẹ́rẹ̀. Bí kò bá lọ, ta ni yóò fun ún? Bí òtútù bá dé, ó di basketball. Bí yìnyín bá yọ́, ó di eré sísá.

Ní Allen, Texas, wọ́n kọ́ pápá oní 60 mílíọ̀nù dọ́là, ìjókòó 18,000, fún ilé-ẹ̀kọ́ girama ibẹ̀. Ó wuni. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ju 5,000 lọ. Mélòó nínú wọn ló ń wọ pápá yẹn gbá bọ́ọ̀lù?

Bó bá jẹ́ lílúwẹ̀ẹ́ tàbí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni ọmọ yín ní lọ́kàn, ó dáa, mo gbà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré níbí ò ní in. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé iṣẹ́.