Kì í ṣe ẹrù nìkan ni wọ́n lọ rù ní Bọ́mà

Bí ọ̀rọ̀ Ogun Àgbáyé Kejì bá délẹ̀, tí ẹnì kan sì sọ pé bàbá bàbá òun wà lára àwọn tó lọ sí Bọ́mà (Myanmar òde òní), kì í pẹ́ tí ẹlòmíràn á fi dáhùn pé, "Ṣebí ẹrù Òyìnbó ni wọ́n ń rù kiri níbẹ̀." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ àwọn tó jagun náà gan-an. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó yẹ kó gbèjà àwọn bàbá yìí ló ń tan ìtàn náà kálẹ̀.

Ẹ wo orúkọ àwọn báráàkì wa. Dodan Barracks ní Ìkòyí, Arakan Barracks ní Àpápá, Letmauk Barracks ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn: ibi tí àwọn sójà wa ti jà ní Bọ́mà ni gbogbo wọn. Letmauk, ojú ọ̀nà ìlú An ló wà. Ìjà tó le koko ni Dífíṣọ̀n 82, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì tí wọ́n kó jọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, bá àwọn ará Jàpáànì jà níbẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 1945. Ojoojúmọ́ là ń gba ẹnu ọ̀nà àwọn báráàkì yìí kọjá.

Dífíṣọ̀n méjì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ lọ́dún 1943 láti inú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, Gold Coast (Gánà òde òní), Sierra Leone àti Gambia. Ọ̀kan ni 81, èkejì ni 82. Bàtálíánì (ìyẹn ẹ̀ka kéékèèké inú dífíṣọ̀n) ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá ló jẹ́ ti Nàìjíríà nínú wọn: ìbọn lọ́wọ́, bọ́ǹbù àfọwọ́jù nígbànú. Bàtálíánì 1, 2 àti 3 kò tilẹ̀ kọ́ ogun jíjà ní Bọ́mà. Wọ́n ti bá àwọn ará Ítálì jà ní Sòmálíà àti Ẹtiópíà kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sí Éṣíà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló wọ Mogadishu lóṣù kejì ọdún 1941, wọ́n sì lé àwọn ará Ítálì gba ọ̀nà tó ju 700 máìlì lọ títí dé Jijiga ní Ẹtiópíà, kí wọ́n tó jà ní ọ̀nà orí òkè Marda.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ pé kò sí alárù. Wọ́n wà, wọ́n pọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Ohun tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Àfonífojì Kaladan, níbi tí wọ́n rán Dífíṣọ̀n 81 lọ, kò ní ọ̀nà mọ́tò kankan. Òkè lórí òkè, igbó kìjikìji, odò tó ń kún àkúnya lásìkò òjò. Àwọn sójà wa fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà tó tó máìlì 75 láti Chiringa kọjá àwọn òkè náà kí wọ́n tó lè wọ àfonífojì ọ̀hún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ohun tó bọ́ láti ojú ọ̀run nìkan ni odindi dífíṣọ̀n fi gbé ẹ̀mí ró. Ta ni yóò kó o láti ibi tó bọ́ sí dé iwájú ogun? Alárù ni. Ìbọn ńlá pàápàá, ńṣe ni wọ́n ń tú u sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gbé e lórí gun òkè. Nítorí wọn ni àwọn ẹgbẹ́ wọn tó gbé ìbọn fi lè jà níbi tí mọ́tò kò lè dé. Ọta àwọn ará Jàpáànì kì í sì í béèrè ẹni tó gbé ìbọn àti ẹni tó gbé àpótí.

Bìrìgéèdì kẹta, ẹ̀ka Dífíṣọ̀n 81 tó jẹ́ ti àwọn ọmọ Nàìjíríà, kò tilẹ̀ bá àwọn yòókù lọ sí Kaladan. Àwọn Chindit ni wọ́n fà á fún, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun tí ọ̀gágun Wingate dá sílẹ̀ láti máa jà lẹ́yìn àwọn ọ̀tá. Ọkọ̀ òfuurufú ló kó wọn wọ àárín ilẹ̀ tí Jàpáànì gbà. Ní odi kan tí wọ́n ń pè ní White City, lẹ́bàá ojú irin nítòsí Mawlu, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó dúró nígbà tí àwọn ará Jàpáànì ń kọlù ú ní òròòru lóṣù kẹrin ọdún 1944. Wọn kò gba odi náà. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1945, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tẹ Myohaung, olú ìlú àwọn ọba Arakan láyé àtijọ́.

Báwo wá ni ìtàn ẹrù ṣe borí? Lójú tèmi, àwọn tó kọ ìwé ló fà á. Òyìnbó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọ̀gá nínú dífíṣọ̀n méjèèjì, àwọn ló sì kọ ìròyìn ogun. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu jù, ìyẹn ẹrù lórí, ni wọ́n tẹnu mọ́. Àmì Dífíṣọ̀n 82 pàápàá, òṣùká alárù ni, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn rí òṣùká, wọn kò rí ọ̀kọ̀. Ó sì tún dà bíi pé wọ́n ń da ogun yìí pọ̀ mọ́ ti 1914 sí 1918, nígbà tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún alárù láti Nàìjíríà lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, kì í ṣe alárù, kì í sì í ṣe oníbọn. Olùtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun. Lóṣù kẹta ọdún 1944 ni àwọn ará Jàpáànì ká wọn mọ́ létí odò Kaladan, ìbọn sì fọ́ egungun itan rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kú níbẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ló fi òun àti ọmọ Sierra Leone kan pamọ́ fún oṣù bíi mẹ́sàn-án títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé. Ọdún 2012 ló tó jáde láyé.

Ẹ̀yin tí bàbá yín lọ tí kò padà, orúkọ àwọn tó kú tí a kò mọ ibojì wọn wà lára ọ̀wọ́n ìrántí ìtẹ́ òkú Taukkyan, nítòsí Yangon. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó ibojì àwọn ológun Commonwealth ti gbé orúkọ wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá a wò. Ẹ̀ka iṣẹ́ ogun tí olúkúlùkù wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.