Ẹja shark kọ́ ni ewu tó wà lábẹ́ òkun Palau

Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ wọ abẹ́ òkun ní Palau, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé: "Shark ńkọ́?" Ìbẹ̀rù yìí ti wọ̀ wá lára débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ibi tí shark bá pọ̀ sí, ikú ló wà níbẹ̀, àti pé ẹni tó bá wẹ̀ níbẹ̀ tó sì jáde láàyè, orí ló kó o yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Torí àwọn ẹja yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ ṣe ń wọ bàlúù lọ síbẹ̀, ohun tó sì yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún wà níbòmíràn.

Orílẹ̀-èdè erékùṣù ni Palau, ní ìlà oòrùn Philippines, nínú òkun Pàsífíìkì. Erékùṣù rẹ̀ lé ní 300, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò sì ju nǹkan bí 18,000 lọ. Ó gba òmìnira ní 1994. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná.

Ibi tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín àwọn òmùwẹ̀ ni Blue Corner. Òkìtì iyùn, ìyẹn àpáta abẹ́ omi tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun kọ́, ló yọ igun sínú agbami níbẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì já gbọnrangandan lọ sísàlẹ̀ òkun. Omi ibẹ̀ ń ṣàn kíkankíkan. Ohun tí òmùwẹ̀ máa ń ṣe ni pé ó mú ìkọ́ irin tí wọ́n so okùn mọ́, ó fi kọ́ ojú àpáta tó ti kú, kì í ṣe ara iyùn tó wà láàyè, ó so ìdí okùn mọ́ ẹ̀wù tó gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ rẹ̀ dání, ó wá fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú ẹ̀wù náà. Omi á gbé e kúrò nílẹ̀, á sì máa fì lórí okùn bí àsíá. Ibẹ̀ ló máa wà, ojú kan. Àwọn grey reef shark, tí wọ́n gùn tó èèyàn tàbí kí wọ́n dín díẹ̀, á wá máa kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n kọjú sí ìṣàn omi, ìrù wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mì, ẹnu wọn là díẹ̀. Wọ́n á wò ó, wọ́n á sì kọjá. Bó bá jẹ́ pé òmùwẹ̀ ni oúnjẹ wọn, èèyàn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ báyìí ni ì bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù.

Ẹja ni wọ́n ń jẹ. Èèyàn tó gbé irin sẹ́yìn, tó ń tú ìfófòó pẹ̀lú ariwo, kò jọ ohunkóhun tí wọ́n mọ̀ sí oúnjẹ. Kárí ayé, iye èèyàn tí shark ń bù jẹ láìjẹ́ pé wọ́n tọ́ ọ kì í sábà ju nǹkan bí 60 sí 80 lọ lọ́dún. Àwọn tó ń gun ìgbì lórí pátákó àti àwọn tó ń wẹ̀ lójú omi ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwa ẹ̀dá èèyàn ńkọ́? Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 shark là ń pa lọ́dún kan. Ó ń dùn mí tí mo bá rántí.

Mi ò sọ pé ẹran ọ̀sìn ni wọ́n o. Bí grey reef shark bá rí i pé wọ́n há òun mọ́, á tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kọrọdọ, á rẹ apá ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, á máa lúwẹ̀ẹ́ wọ́gọwọ̀gọ. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá rí i kó rọra sún sẹ́yìn, kó fún un lọ́nà. Ẹni tó bá sì ń gún ẹja lábẹ́ omi, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun kan wà tí ìgbàgbọ́ yìí ń bò mọ́lẹ̀, òun ló sì ká mi lára jù: iṣẹ́ àwọn ọmọ Palau fúnra wọn. Shark ò ṣàdédé pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Láti ayébáyé ni àwọn ìjòyè ti ní àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní bul: bí wọ́n bá ti gbé bul lé ibì kan nínú òkun, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀ títí wọ́n á fi ká a kúrò. Àkókò tí ẹja ń yé ẹyin ni wọ́n sábà máa ń gbé e lé e. Àwọn apẹja wọn mọ̀ pé ẹja kan ń tẹ̀ lé òṣùpá tuntun, òmíràn òṣùpá àrànmọ́jú, wọ́n sì mọ ọ̀nà omi tí wọ́n ń kóra jọ sí, tipẹ́tipẹ́ kí òmùwẹ̀ kankan tó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán débẹ̀. Níbi tí ẹja bá ti ráyè bí sí i, shark á rí oúnjẹ jẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, Ààrẹ Johnson Toribiong dúró níwájú Àpéjọ Gbogbogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì kéde pé gbogbo omi Palau ti di ibi ààbò fún shark. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn olùwádìí ṣírò owó tí shark kan ń mú wá láwọn ibi tí òmùwẹ̀ ń lọ jù: nǹkan bíi 179,000 dọ́là lọ́dún kan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 dọ́là ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á tà, owó rẹ̀ ò ju nǹkan bí 100 dọ́là lọ.

Ewu gidi wá dà? Inú àyà òmùwẹ̀ ló wà. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí náà ni wọ́n kì sínú sílíńdà rẹ̀, kì í ṣe ọ́síjìn nìkan bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ní mítà 10 sísàlẹ̀, ìtẹ̀ tó wà lára èèyàn ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi. Ẹni tó bá mí kún ẹ̀dọ̀fóró níbẹ̀, tó di èémí mú, tó sì sáré gòkè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa fẹ̀ lọ sí ìlọ́po méjì. Ẹ̀dọ̀fóró lè ya, afẹ́fẹ́ sì lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ. Ẹ wá ro ti ẹni tó rí shark, tí àyà rẹ̀ já, tó pa ẹnu dé, tó sì fò sókè. Ìbẹ̀rù shark ló fẹ́ pa á. Shark ọ̀hún lè má tiẹ̀ yíjú wò ó.

Ìṣàn omi tún wà níbẹ̀. Ó lè gbé èèyàn kúrò lára òkìtì iyùn lọ sí agbami, ó sì lè fà á lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí olúkúlùkù mú balúùnù aláwọ̀ títàn dání, èyí tí ọkọ̀ ojú omi á fi rí i. Ní adágún Jellyfish Lake, tí àwọn kan ń bẹ̀rù pé jellyfish, ẹ̀dá inú omi tí ara rẹ̀ rọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, á ta wọ́n, oró àwọn ẹ̀dá ọ̀hún ò lágbára tó ohun tí èèyàn ń gbé ọkàn sókè sí. Síbẹ̀ wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé sílíńdà wọ ibẹ̀. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé omi tó wà láti nǹkan bíi mítà 15 lọ sísàlẹ̀ ní májèlé tó lè gba awọ ara wọlé.

Ìkẹyìn ni náítírójìn, apá tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ omi; béèyàn bá yára gòkè, ó lè di ìfófòó nínú ara rẹ̀. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n sì ń dúró fún ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5. Ẹni tó bá ti wọ omi léraléra gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán wákàtí 18 sílẹ̀ kó tó wọ bàlúù. Ọjọ́ tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ fi lọ sí Babeldaob, erékùṣù tó tóbi jù. Òkè tó ga jù níbẹ̀ ò ju mítà 242 lọ, kò lè ṣe náítírójìn ara yín ní nǹkan kan. Ẹ wo bai tó wà ní Airai, ilé ìpàdé àwọn ìjòyè. Ó ti lé ní 100 ọdún, ó gùn tó nǹkan bíi 20 mítà, wọ́n sì kun ìtàn sí iwájú rẹ̀. Wọn ò fi ìṣó kankan kọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin ló ń jókòó sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà obìnrin ìdílé ló ń yan ẹni tó máa jẹ oyè, tí wọ́n sì lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ọ̀dọ̀ ìyá ni oyè ti ń wá ní Palau. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé bí àwọn ìjòyè ṣe ń gbé bul lé òkun.